Ọjọ́ Tí Ambrose Kò Tọrọ

Orí káàdì ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, bí ó bá ṣe é pè ní ìjà, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ló ń jà á. Ẹnì kejì kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń bá òun jà.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ni. Ambrose àti Aaron ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò tó gbé wọn láti Èsìẹ́ wá sí Òmù-Àrán, níbi tí àwọn ìjọ ilẹ̀ Ìgbómìnà ti fẹ́ ṣe ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì lórí bí a ṣe ń polongo ìjọ àti bí a ṣe ń fi ẹ̀bùn àtinúdá ṣiṣẹ́ Olúwa. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọmọbìnrin kan jókòó ti tábìlì, ó ń fún oníkálukú ní káàdì tí yóò fi kọ́ ọrùn. Ohun tó wà lára ti Aaron ni: Aaron, Olùdarí Ìròyìn, Ìjọ Òkè-Ìmọ́lẹ̀, Èsìẹ́. Ohun tó wà lára ti Ambrose ni: Ambrose, Alábàárìn.

Ambrose ka káàdì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó yí i padà, bóyá wọ́n kọ ìyókù sí ẹ̀yìn. Wọn kò kọ nǹkan kan sí ẹ̀yìn.

"Ọmọ mi," ó bi ọmọbìnrin náà, "ta ló kọ eléyìí?"

"Bí ìjọ yín ṣe fi orúkọ ránṣẹ́ la ṣe kọ ọ́, sà. Ẹni tí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, a kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọn ò bá dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀, alábàárìn la máa ń kọ."

Ẹ gbọ́ o. Wọn ò dárúkọ iṣẹ́ rẹ̀! Ọkùnrin tí gbogbo Èsìẹ́ ń pè ní Bàbá Pátákó, tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ń kọ pátákó ìkórè ìjọ náà, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà kọ lẹ́tà tí ẹni tó wà lórí ọ̀kadà lè kà láìdúró, òun ni kò níṣẹ́. Òun ló ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn rìn ládùúgbò dé àdúgbò bí ọjọ́ ìkórè bá ku dẹ̀dẹ̀. Òun ló ń wọ ilé dé ilé, tí ń kí onílé, tí ń kí ìyàwó ilé, tí ń ní kí wọ́n má gbàgbé o. Àwọn ọmọ tó ti bí ọmọ báyìí, ohùn rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ọdún ti ń parí lọ.

Ta wá ni Aaron? Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ni Aaron fi kọ́ lẹ́tà kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó lọ sílé ìwé gíga, lẹ́tà S nìkan sì gba oṣù kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó padà dé, ó di olùkọ́ kọ̀ǹpútà nílé ìwé girama. Lọ́dún Àjíǹde kan, ó fi fóònù ya fídíò àwọn ọmọdé ìjọ níbi tí wọ́n ti ń jó, ó gbé e sórí Fesibúùkù, àwọn ọmọ Èsìẹ́ tó wà l'Ékòó àti lókè òkun bẹ̀rẹ̀ sí í pe Pásítọ̀, wọ́n ń dúpẹ́, àwọn mìíràn ń sunkún. Láti ọjọ́ náà ni Pásítọ̀ ti ń pe Aaron ní Olùdarí Ìròyìn. Láti ọjọ́ náà náà ni oúnjẹ ọjọ́ Ìsinmi kì í ti í dùn lẹ́nu Ambrose mọ́.

Kì í ṣe pé Aaron hùwà burúkú sí i. Ìyẹn gan-an ló ń dun Ambrose jù. Bí ọmọ náà bá yájú sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ì bá rí nǹkan dì mú. Ṣùgbọ́n "Ọ̀gá" ni Aaron ṣì ń pè é, ó ṣì ń dọ̀bálẹ̀, ó sì ń bá a gbé àpò. Kí lèèyàn fẹ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe?

Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó. Bàbá kan láti Òkè-Ọdẹ jókòó ti Ambrose, amọ̀ ojú ọ̀nà ṣì wà lára bàtà rẹ̀, ó ń ròyìn bí òjò ṣe ba ọ̀nà wọn jẹ́. Obìnrin kan tó wá láti Ìlọrin ló ń kọ́ wọn. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sì fi ìgbéraga sọ ọ́. Ó ní ìjọ tí ẹnikẹ́ni ò bá gbúròó rẹ̀ dà bí iná tí wọ́n gbé sábẹ́ ibùsùn. Ó ní àwòrán, orin, eré àti ìtàn lẹ́bùn tí Ọlọ́run fi sínú ìjọ, kí wọ́n má jẹ́ kí ó kú sínú àpótí. Gbogbo èyí dùn mọ́ Ambrose. Ó tilẹ̀ ti ń mi orí.

Ni obìnrin náà bá bèèrè pé, "Ta ló ṣì ń fi ọwọ́ kọ pátákó nínú yín?"

Ambrose nawọ́ sókè fàfà. Ó rò pé ó fẹ́ yìn wọ́n ni.

Òun nìkan ló nawọ́. Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ẹ̀rín àwọn tí oorun ìyálẹ̀ta ti ń kùn tí wọ́n rí nǹkan fi lajú ni, olùkọ́ náà pàápàá sì yára sọ pé, "Ẹ má rẹ́rìn-ín o, iṣẹ́ àgbà ni." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti bọ́. Ambrose wo Aaron. Aaron kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ orí ba, ó ń wo bàtà rẹ̀. Ambrose sì gbà lọ́kàn pé ó ń fi ẹ̀rín pamọ́ ni, pé bó bá dé ilé yóò rín in tẹ́rùn.

Ara rẹ̀ gbóná. Owú jẹ ẹ́ débi pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún bí ìdajì wákàtí. Ó kàn ń wo ọwọ́ Aaron tó ń tẹ fóònù, ó ń wí lọ́kàn pé, ọwọ́ yìí, èmi ni mo dì í mú tí kò fi gbọ̀n.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n ní kí ìjọ kọ̀ọ̀kan mú ayẹyẹ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n ṣe ètò ìpolongo rẹ̀ lórí ìwé: ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, àwòrán tí wọn yóò lò, ọjọ́ àti aago. Èyí tó bá dára jù, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sórí bánà ńlá lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò sì fún ìjọ náà ní kámẹ́rà. Aaron sún mọ́ Ambrose, ìwé lọ́wọ́.

"Ọ̀gá, ìkórè wa ni ká lò. Sátidé kejì oṣù kọkànlá ni Pásítọ̀ ń rò. Ṣé kò sí nǹkan kan nílùú lọ́jọ́ náà?"

Níbí ló yẹ kí n ti dúró díẹ̀, nítorí ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ohun kan wà tí Ambrose ń ṣe lọ́dọọdún tí kò sí lára pátákó. Kó tó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, yóò kọ́kọ́ lọ sí agboolé Bùkárì, ilé àwọn Mùsùlùmí tó wà nísàlẹ̀ ọjà, láti lọ tọrọ ọjọ́. Agboolé náà ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀. Bùkárì, bàbá àgbà tó jẹ́ olórí ilé náà, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Yóò jókòó lórí ẹní, yóò ní, "Bàbá, ìjọ fẹ́ ṣe ìkórè. Ọjọ́ wo ni ò ní dí yín lọ́wọ́?" Bùkárì yóò bèèrè lọ́wọ́ àwọn ará ilé bóyá ìgbéyàwó wà, bóyá ìsọmọlórúkọ wà, yóò sì fún un lọ́jọ́. Báyìí ni ayẹyẹ ṣọ́ọ̀ṣì kì í fi í kọlu ti mọ́ṣáláṣí. Ìdajì àwọn akọrin ìjọ ló ní ìyá tàbí àbúrò nínú agboolé náà, àwọn ará agboolé náà ló sì máa ń ra iṣu àti àgbàdo ìkórè jù. Pásítọ̀ mọ̀ pé Bàbá Pátákó máa ń mú ọjọ́ tó dára wá. Kò mọ ibi tó ti ń rí i. Ambrose kò sọ ọ́ fún Aaron rí ní gbogbo ọdún mẹ́ta tó fi kọ́ ọ níṣẹ́. Ó fi èyí pamọ́ fún ara rẹ̀.

Lọ́dún yìí, kó tó ráyè lọ, Pásítọ̀ ti ní kí wọ́n ti ìpàdé mú ọjọ́ bọ̀. Ambrose sì mọ ohun tó wà ní Sátidé kejì oṣù kọkànlá. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọjọ́ wólímọ̀ Bilqis ni, ọmọ Àfísù, ọmọ-ọmọ Bùkárì, ọmọ ọdún méjìlá tó ti ka Àlùkùránì parí. Wàláà ọmọ náà, pátákó tó fi kọ́ kéwú, wà nílé Ambrose bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí, lórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, nítorí òun ló máa ń kun etí wàláà fún gbogbo ọmọ agboolé ìyá rẹ̀ tó bá fẹ́ ṣe wólímọ̀, ewé àti òdòdó aláwọ̀ mẹ́ta. Ràfátù, ìyá ọmọ náà, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Sókótó, fúnra rẹ̀ ló pè é lórí fóònù pé ọjọ́ náà ni o, pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí àwọ̀ ewé rẹ̀ tàn.

Ambrose la ẹnu láti sọ ọ́. Ó kù díẹ̀. Afẹ́fẹ́ fáànù fẹ́ káàdì ọrùn rẹ̀, ó yí padà, ó kọjú sí i: Alábàárìn.

"Ìwọ ni Olùdarí Ìròyìn," ó ní. "Alábàárìn ni èmi. Kọ ohun tó bá wù ọ́."

Aaron rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni ọ̀gá òun ń ṣe. Ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ètò Aaron ló gba ipò kìíní. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ó dára. Ó ya iṣu kan ṣoṣo sórí ilẹ̀ pupa, ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ sì ń bọ́ lé e, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wá bá wa dúpẹ́." Ìjọ Àrán-Ọ̀rin tó ṣe ipò kejì kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Aaron gun orí pẹpẹ, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fi kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, "Ọ̀gá mi wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà. Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n rí yín."

Bàbá ará Òkè-Ọdẹ fi ìgbọ̀nwọ́ gún Ambrose. "Ọmọ yín ni? Ó mà gbọ́n o!"

"Kì í ṣe ọmọ mi," Ambrose dáhùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà tí kò tú. Ó rò pé àánú òun ni wọ́n ń ṣe, pé wọ́n jẹun tán wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún òun. Nígbà tó fi máa gbé orí sókè, àtẹ́wọ́ ti tán.

Nínú mọ́tò tí wọ́n fi padà sí Èsìẹ́, bánà tí wọ́n ká jọ náà wà lórí itan àwọn méjèèjì. Aaron ń sọ̀rọ̀, Ambrose ń dá a lóhùn pẹ̀lú "ẹn-ẹn" àti "ó dáa." Inú rẹ̀ dùn lọ́nà kan tí kò yẹ kí inú èèyàn dùn. Ó ń rí Sátidé náà lójú: àga òfìfo, iṣu tí kò rí olùrà, àwọn akọrin tó ti sá lọ síbi wólímọ̀ àbúrò wọn, Pásítọ̀ tó ń yí orí kiri. Wọn yóò bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Òun yóò wá sọ fún wọn pé bánà kì í tọrọ ọjọ́. Wọn yóò mọ iṣẹ́ òun nígbà náà. Òrùlé ìjọ tó ń jò, tí wọ́n fẹ́ fi owó ìkórè tún ṣe, kò wá sí i lọ́kàn. Bilqis náà kò wá sí i lọ́kàn. Ìlara kì í jẹ́ kí ààyè gba èèyàn púpọ̀ nínú ọkàn rẹ̀.

Àyìnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí àṣìṣe náà. Wọ́n ti na bánà náà sí oríta, wọ́n sì ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú pátákó tí Ambrose kọ lọ́dún tó kọjá gan-an, tó fi jẹ́ pé ẹsẹ̀ pátákó nìkan ni ojú ń rí. Àyìnkẹ́ ti ọjà dé, kò tíì sọ igbá kalẹ̀ tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá Sarah, ọjọ́ wólímọ̀ Bilqis ni wọ́n kọ sára nǹkan yẹn."

"Mo rí i."

"Ẹ rí i? Ẹ ò sọ fún wọn?"

"Wọn ò bi mí."

Irọ́ pátápátá. Àyìnkẹ́ wo ojú rẹ̀ títí. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti jọ ń gbé, Sarah ọmọ wọn ti wà nílé ọkọ, ó mọ ojú tó fi ń purọ́. Ó wo wàláà tó wà lórí tábìlì, tí ewé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

"Mi ò ní bá yín sọ ọ́," ó ní. "Ẹnu yín ló yẹ kí wọ́n ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì láyè o. Ẹ lọ sọ ọ́ lónìí."

Kò lọ lọ́jọ́ náà. Kò lọ lọ́jọ́ kejì. Ó parí wàláà, ó fi rán ọmọ àdúgbò kan sí agboolé Bùkárì, òun fúnra rẹ̀ kò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó ń dúró de ariwo. Ó dá a lójú pé Àfísù yóò rí bánà ní oríta, yóò bínú wá sílé Pásítọ̀, yóò ní, kí ló dé, ṣé a ò jọ ń gbé ìlú kan náà ni? Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ariwo kò wá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Lórí Wàtsáàpù ìjọ, àwòrán iṣu Aaron ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn èèyàn ń kọ "Àmín" sábẹ́ rẹ̀. Ambrose ń kà wọ́n, inú ń bí i sí Àmín kọ̀ọ̀kan.

Sátidé náà dé. Ambrose wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù, ó jókòó sí ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí yóò ti rí ojú ọ̀nà kedere. Ní aago mẹ́wàá, àga ṣófo. Ó ń retí. Ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ó gbọ́ ohùn èèyàn púpọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọjà.

Agboolé Bùkárì ló ń bọ̀. Gbogbo wọn. Àwọn obìnrin wà níwájú pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́ fún iṣu tí wọ́n fẹ́ rà, àwọn ọmọ ilé kéwú tẹ̀ lé wọn, Àfísù mú ọwọ́ bàbá rẹ̀ arúgbó, wọ́n ń rọra bọ̀. Bilqis wà láàárín wọn pẹ̀lú ìbòrí funfun. Wọ́n kún ọgbà ìjọ. Àwọn akọrin kọrin dé ibi tí ohùn wọn há. Nígbà tí wọ́n ń ta ẹrù ìkórè, iṣu tán kí ó tó di ọ̀sán, Pásítọ̀ sì pe Aaron jáde, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ wo ẹni tí Ọlọ́run lò!" Ìjọ hó yèè.

Ambrose kò mọ ohun tó ń ṣe é. Ó jáde lọ bá Àfísù lábẹ́ igi máńgòrò, níbi tó ti ń di iṣu sórí ọ̀kadà.

"Àfísù. Wólímọ̀ ńkọ́?"

"Ó di Sátidé tó ń bọ̀, Ẹ̀gbọ́n. A ti sún un."

"Kí ló dé tí ẹ sún un?"

Àfísù wò ó bí ẹni pé kò yẹ kó bèèrè. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá ní ká má bi yín. A rí bánà yín, orí àwọn kan nínú wa gbóná, wọ́n ní àwọn máa wá sọ́dọ̀ Pásítọ̀. Bàbá ní rárá. Ó ní wàláà ọmọ wà lọ́wọ́ Ambrose, ó mọ ọjọ́ wa. Láti ọjọ́ tó ti ń tọrọ ọjọ́ lọ́wọ́ òun, kò yẹ̀ rí. Bó bá wá gbà kí wọ́n mú ọjọ́ yẹn, ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ ló dé. Ó ní ká sún tiwa, ká má wá dójú tì yín láàárín àwọn èèyàn yín."

Ambrose wo Bilqis láàárín àwọn ọmọ ilé kéwú.

"Ràfátù ńkọ́?" ó bèèrè.

"Ó ti dé láti Ọjọ́ Ajé. Ṣùgbọ́n ọ̀la ló máa padà sí Sókótó, wọn ò fún un ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọn ò sì gbà kó sún un síwájú. Ó sunkún díẹ̀. Ṣé ẹ mọ obìnrin." Àfísù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa okùn iṣu náà le. "Kò burú. Aaron ní òun máa bá a fi fóònù ya gbogbo rẹ̀, kó lè máa wò ó láti ọ̀hún. A pàdé ní ọjà, mo sọ fún un pé ìyá Bilqis ò ní sí nílé, ló bá ní òun máa wá. Ọmọ dáadáa ni."

Ìyẹn ni Aaron. Kò mọ ìdí tí wọ́n fi sún ọjọ́, wọn ò sọ fún un. Ó kàn gbọ́ pé ìyá kan ò ní rí wólímọ̀ ọmọ rẹ̀, ó sì ní òun yóò gbé fóònù òun wá. Ẹ ò rí i pé kò sí ibi tí Ambrose fẹ́ sá gbà?

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ambrose lọ síbi wólímọ̀ náà. Ó jókòó lẹ́yìn àwọn ọkùnrin. Bilqis jáde, ó di wàláà mú sí àyà pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ewé aláwọ̀ mẹ́ta ń tàn lára rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Àlùkùránì. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Aaron kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú fóònù, orókún rẹ̀ wà nínú iyẹ̀pẹ̀, kò mira. Láti ẹ̀yìn rẹ̀, Ambrose lè rí ojú fóònù náà. Ó rí Ràfátù nínú rẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì funfun lọ́rùn rẹ̀, nínú yàrá kan tó ní kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ọmọ náà kà á dé òpin, tí gbogbo ilé kí àlùbáríkà, Bilqis gbójú sókè láti wá ẹnì kan láàárín àwọn obìnrin, ó gbàgbé pé ìyá òun kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí, ó sì yíjú sí fóònù.

Ambrose rí bó ṣe gbàgbé yẹn. Kò sí ohun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀, ẹ̀rín gbọ̀ngàn Òmù-Àrán kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí èrò fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó fa Aaron lọ́wọ́. "Tẹ̀ lé mi."

"Níbo, Ọ̀gá?"

"Tẹ̀ lé mi ná."

Ó mú un wọ pálọ̀ Bùkárì. Bàbá arúgbó náà jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, Àfísù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ambrose dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde. Aaron rí i, òun náà dọ̀bálẹ̀ láìmọ̀dí.

"Ambrose," Bùkárì ní, "dìde. Ta lo mú wá?"

"Aaron ni, Bàbá. Òun ni yóò máa wá tọrọ ọjọ́ lọ́wọ́ yín láti ọdún tó ń bọ̀. Mi ò kọ́ ọ. Ó yẹ kí n ti kọ́ ọ tipẹ́." Ó ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. "Bàbá, kò sí ohun tó ju agbára mi lọ tó dé. Ọmọ yìí bi mí, ó ní ṣé kò sí nǹkan lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀. Mo dákẹ́. Wọ́n ń yìn ín, ara mi ò gbà á, mo fẹ́ kí ìkórè náà tú mọ́ ọn lórí."

Ambrose gbọ́ tí Aaron mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àfísù yí ojú sí ògiri. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Bùkárì.

"Mo gbọ́," bàbá náà ní níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi lo jẹ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi wà níbí lónìí, mo rí ọmọ-ọmọ mi, mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tí kò rí i ni kí o sọ ọ́ fún." Ó kọjú sí Aaron. "Ọmọ mi, bá a pe Ràfátù."

Aaron wo ọ̀gá rẹ̀. Ó mú fóònù jáde. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú Ràfátù yọ, ojú rẹ̀ ṣì pupa, ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi!" ó kígbe bó ṣe rí Ambrose. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí wàláà náà, ewé rẹ̀ tàn bí mo ṣe bẹ̀ yín. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run ò ní gba ọwọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Ta ló ń bá yín di fóònù mú?"

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ambrose ti fi ń kéde kiri Èsìẹ́, ṣùgbọ́n irú ìkéde yìí kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Aaron ni," ó ní. "Alábàárìn rẹ̀ ni mí. Ìyàwó, má tíì gbé fóònù sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ nípa ọjọ́ wólímọ̀ ọmọ rẹ."